Òṣùwọ̀n Ìfarajìn

Obìnrin kan pàdánù àyè rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì nítorí pé ó kọ̀ láti fọwọ́ sí i pé òun máa ń gbàgbé gbogbo ohun tó wà láyìíká òun.

Ọ̀rọ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ṣe é fún un ti fi ọ̀rọ̀ ńláńlá bò ó mọ́lẹ̀ bí ẹni fi aṣọ funfun bo òkú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ká aṣọ náà kúrò, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yìn ilé ìwòsàn ńlá kan ni ilé ẹ̀kọ́ yìí wà. Ẹni tó bá ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ á jókòó sí kíláàsì láàárọ̀, á sì wọ wọ́ọ̀dù lọ́sàn-án. Iṣẹ́ wọ́ọ̀dù yìí ní iye wákàtí tí òfin là kalẹ̀ fún un. Ẹni tí wákàtí rẹ̀ kò bá pé kò ní jókòó ṣe ìdánwò àṣekágbá, ì báà mọ orúkọ gbogbo eegun ara dé orí ìka ẹsẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, láti ọ̀gá títí dé ẹni tó ń ṣí géètì.

Màmá Kíláàsì ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Ó ti ń sún mọ́ ogójì ọdún nígbà tí àwọn yòókù ṣì ń fa ọwọ́ ogún ọdún. Ọkọ rẹ̀ ti bá tirẹ̀ lọ. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ aránṣọ, nítorí pé wọn kì í gba ọmọ sí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bó bá yege, ilé ìwòsàn á fún un ní yàrá kan ní ibùgbé àwọn nọ́ọ̀sì, á sì lọ mú ọmọ rẹ̀ wá. Ohun tó torí rẹ̀ wá síbẹ̀ nìyẹn. Kò wá torí ìmọ̀, kò wá torí ògo.

Kí ẹ má rò pé mo fẹ́ ta ẹni mímọ́ fún yín o. Ẹnu obìnrin náà mú bí abẹ. Bí wọ́n bá ń ka orúkọ iṣan ní kíláàsì, á sùn, á sì han-run. Nínú ìdánwò, àárín ló máa ń wà, kì í lọ sókè, kì í wá sílẹ̀. Àmọ́ bó bá ti wọ wọ́ọ̀dù báyìí, ojú rẹ̀ á là bíi ti ológbò tó gbọ́ ìró eku.

Nọ́ọ̀sì àgbà tó ń ṣàkóso wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Obìnrin yẹn kì í rẹ́rìn-ín, kì í sì í yin èèyàn. Ohun tó ń kọ́ wọn kò pọ̀.

"Ojú kan sára ẹni tí o ń tọ́jú," á wí, "ojú kan sára ẹni tí o kò tíì kàn. Bí o bá ń di egbò fún bẹ́ẹ̀dì kẹta, tí bẹ́ẹ̀dì kẹfà sì dẹ́kun ikọ́, kí o gbọ́ ọ. Èèyàn kì í pariwo kó tó kú."

Ọdún tí wọ́n fẹ́ ṣe àṣekágbá ni Òṣùwọ̀n dé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn kó tó jókòó dáadáa. Ọ̀mọ̀wé ni, láti ilé ẹ̀kọ́ gíga kan, bàtà rẹ̀ sì ń dán ju ojú rẹ̀ lọ. Wọ́n kó gbogbo wọn jọ sí gbọ̀ngàn. Ó ní òun wá wọn ìfarajìn wọn sí ẹ̀kọ́.

"Ìfarajìn," ó wí, ó gbé ọ̀rọ̀ náà lé orí ahọ́n bí ẹni ń tọ́ oyin wò, "ni kí akẹ́kọ̀ọ́ wọ inú ẹ̀kọ́, kí ẹ̀kọ́ sì wọ inú akẹ́kọ̀ọ́, débi pé a kò ní mọ èyí tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, a kò ní mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀kọ́."

Màmá Kíláàsì fẹnu sétí ẹni tó jókòó tì í. "Ẹni tó wá fara jìn yìí, ṣé kòtò ló jìn sí ni?"

Ohùn rẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń rẹlẹ̀. Ìlà àga kan bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, obìnrin gíga kan tó fẹ́ràn kí àlejò máa yin òun, wò wọ́n bí ẹni fẹ́ fi ojú na èèyàn.

Ìwé tí Òṣùwọ̀n pín ní gbólóhùn ogún. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn àpótí kéékèèké wà, láti orí "Kò ṣẹlẹ̀ rí" títí dé "Gbogbo ìgbà ni." Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Bí mo bá jí láàárọ̀, ara mi máa ń wà lọ́nà fún kíláàsì." Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Bí mo bá ń kàwé, agbára máa ń rú jáde lára mi." Ẹni tó kọ ìyẹn, kò tíì nu ìdí àgbàlagbà rí kó tó lọ jókòó ti ìwé. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni Òṣùwọ̀n fẹ́ràn jù. Ó tilẹ̀ kà á sókè fún wọn: "Bí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́ mi, ní kíláàsì tàbí ní wọ́ọ̀dù, mo máa ń gbàgbé gbogbo ohun tó wà láyìíká mi."

"Ibẹ̀ ni góńgó wà," ó wí. "Ẹ má kọ orúkọ. Kò sí ìdáhùn tó dáa, kò sí èyí tó burú. Òótọ́ inú yín nìkan la fẹ́."

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu oríṣiríṣi èèyàn. N kò tíì rí ẹnì kan tó sọ ọ́ tí ìdáhùn tó ń fẹ́ kò ti wà lápò rẹ̀.

Ẹni tó jókòó ti Màmá Kíláàsì ni Ẹlẹ́rìn-ín, ọmọ kan tí eyín rẹ̀ kì í wọlé. Kí èèyàn tó wú ikọ́, ó ti parí. Ó fi àmì sí "Gbogbo ìgbà ni" láti òkè délẹ̀.

"Màmá, kí lẹ tún ń wò? Ẹ fà á wálẹ̀ tààrà, bí ẹni ń ránṣọ."

"Ṣé o kà á?"

"Kí n kà á kí ni? Ṣé a fẹ́ jẹ ẹ́ ni?"

"O kọ ọ́ síbẹ̀ pé agbára ń rú jáde lára rẹ bí o bá ń kàwé. Ṣebí èmi ni mo jí ọ lórí ìwé lánàá, tí itọ́ rẹ ti kún ojú ewé?"

"Agbára tó ń rú jáde náà nìyẹn, Màmá."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni Màmá Kíláàsì tẹ orí ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó sì ń dáhùn bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè. Ara rẹ̀ kì í wà lọ́nà fún kíláàsì; ó kọ bẹ́ẹ̀. Kò sí agbára kankan tó ń rú. Ó kọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó tẹ bírò mọ́ "Kò ṣẹlẹ̀ rí" débi pé ìwé fẹ́ẹ̀ ya. Ìwà òmùgọ̀ ni. Ẹni tó ti fẹ́ẹ̀ pé ogójì ọdún yẹ kó mọ̀ pé òótọ́ inú kọ́ ni wọ́n ń bèèrè bí wọ́n bá ní àwọn ń bèèrè òótọ́ inú.

Nígbà tí Òṣùwọ̀n padà wá, ó kó àwòrán aláwọ̀ mèremère dání, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri gbọ̀ngàn. Ó ní ìfarajìn ilé ẹ̀kọ́ yìí ga ju ti gbogbo ibi tí òun ti wọ̀n ọ́n rí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá fi ọwọ́ tún gèlè ṣe bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

"Àfi ẹnì kan," Òṣùwọ̀n wí. "Ẹnì kan wà nísàlẹ̀ pátápátá, bí òkúta inú bàtà."

Wọ́n ní kí wọ́n má kọ orúkọ, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìwé náà bèèrè ọjọ́ orí, ó sì bèèrè bóyá èèyàn ti bímọ. Nínú gbogbo wọn, ta ló tún wà níbẹ̀ tó ń lọ sí ogójì, tó sì ti bímọ? Ọ̀mọ̀wé tí kò mọ̀ pé a lè tibẹ̀ dá èèyàn mọ̀, òpè ni. Èyí tó mọ̀, tó sì ṣe é, ọ̀dàlẹ̀ ni. Ẹ mú èyí tó bá wù yín.

Wọ́n pè é sí ọ́fíìsì ọ̀gá. Àga àlejò méjì wà níbẹ̀. Òṣùwọ̀n wà lórí ọ̀kan, báàgì Òṣùwọ̀n wà lórí èkejì. Màmá Kíláàsì dúró.

"Ṣé a ṣẹ̀ ọ́ ni?" ọ̀gá bi í.

"Ẹ ò ṣẹ̀ mí, mà."

"Kí ló wá dé tí o fi fẹ́ ba orúkọ wa jẹ́?"

"Wọ́n ní kí n sọ òótọ́ inú mi, mà."

"Ta ló ń bèèrè òótọ́ lọ́wọ́ rẹ? Ìwádìí ni wọ́n ń ṣe!"

Òṣùwọ̀n wú ikọ́ díẹ̀. "Ohun tí ọ̀gá ń sọ ni pé èsì rẹ kò bá ti àwọn yòókù mu. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìbéèrè náà kò yé ọ."

"Ó yé mi, sà. Ẹ ní ṣé mo máa ń gbàgbé ohun tó wà láyìíká mi. Bí mo bá gbàgbé ní wọ́ọ̀dù, èèyàn á kú."

"Gbàgbé tibí yìí kì í ṣe gbàgbé."

"Kí ni, sà?"

"Ó jẹ́... ipò ọkàn kan ni."

"Ṣé ó ní orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pè é nílé ni?"

Ọ̀gá fi ọwọ́ lu tábìlì. Wọ́n fún un ní ìwé mìíràn, òfìfo. Wọ́n ní kó lọ tún un kọ, kó kọ orúkọ rẹ̀ sí i lọ́tẹ̀ yìí, kó fọwọ́ sí i, kó sì mú un wá lọ́jọ́ Ajé. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, Òṣùwọ̀n á mú un wọ ẹ̀kọ́ àkànṣe tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣètò fún àwọn tí ìfarajìn wọn bá lọ sílẹ̀. Ọ̀sọ̀ọ̀sán ni ẹ̀kọ́ náà. Ọ̀sọ̀ọ̀sán náà ni wọ́n ń wọ wọ́ọ̀dù. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà nínú ọ́fíìsì yẹn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó sọ ọ́ jáde.

Ó gbé ìwé náà lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ wà lábẹ́ tábìlì, ó ń ṣa àjákù aṣọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, ó kà á pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ó sì yọ abẹ́rẹ́ náà kó lè rí ẹnu fi bínú.

"Àmì lásán lèyí? Ìwọ ọmọ yìí, ṣé orí ẹ pé? Gbé bírò, fi sí i, jẹ́ ká rí nǹkan mìíràn sọ."

"Màá fi sí gbogbo ẹ̀, àfi ọ̀kan."

"Èwo?"

Ó nawọ́ sí ti ìsàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún un kà. "Ìyẹn ló wá di egungun ọ̀fun? O fẹ́ pa irọ́ mọ́kàndínlógún, èyí tó kù ni kò ṣeé pa?"

"Àwọn mọ́kàndínlógún yẹn, èmi ni mò ń pa á mọ́ ara mi. Èyí, àwọn tó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ni. Orúkọ mi ni wọ́n ní kí n kọ sí i, ẹ̀gbọ́n mi. Kí nọ́ọ̀sì fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́ pé òun máa ń gbàgbé èèyàn!"

"Ṣé o ti di nọ́ọ̀sì?"

"Mi ò tíì dì í."

"Ehn-ehn! Dì í ná, kó o tó máa ṣe àgídí nọ́ọ̀sì. Ta ló ń bọ́ ọmọ ẹ? Ta ló ń dirun fún un? Nígbà tí ibà mú un lọ́jọ́sí, ṣé ìwọ lo gbé e? Àgídí ni kó máa jẹ kó tó sùn?"

Màmá Kíláàsì bẹ̀rẹ̀, ó bá ọmọ rẹ̀ ṣa àjákù aṣọ kan nílẹ̀. Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ, èyí tí kò ní àpótí tí wọ́n ń fi àmì sí.

"Mú un wá," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Jẹ́ kí n bá ẹ fi sí i. Ọwọ́ tèmi ò ní gbọ̀n."

Kò mú un wá. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ó fún ọ̀gá ní irọ́ mọ́kàndínlógún àti òótọ́ kan, ó sì fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀ pọ̀. Òótọ́ kan yẹn nìkan ni wọ́n rí. Ẹ ò rí i bí ojú wọn ṣe mú tó.

Yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ ní ìfarajìn. Òṣùwọ̀n fi tàdáwà dúdú kán ìkán kan, àmì róbótó kékeré, sára ògiri, ó ní kó tẹjú mọ́ ọn títí gbogbo nǹkan yòókù á fi lọ kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó jókòó. Ó tẹjú mọ́ ọn. Òṣùwọ̀n ń wo aago.

"Kí lo rí?"

"Ìkán yẹn, sà."

"Ó dáa. Kí lo gbọ́?"

"Omi ń kán nílé ìwẹ̀. Wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn kan kọjá níta, táyà ẹ̀ kan ò yí dáadáa. Fóònù yín ń gbọ̀n lápò, sà. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbọ̀n."

Òṣùwọ̀n yọ fóònù, ó wò ó. "Ìyàwó mi ni."

"Ẹ gbé e, sà. Bóyá ẹ ti gbàgbé wọn."

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Òṣùwọ̀n kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé kò tíì sí ìyípadà. Ó kọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó sì ń kọ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí oṣù ṣe ń gorí oṣù nìyẹn, obìnrin àgbàlagbà ń wo ìkán lára ògiri, ọkùnrin tó kàwé já ń wò ó bó ṣe ń wò ó, wọ́n sì ń pe ìyẹn ní iṣẹ́.

Ní wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì àgbà wo ìlà àwọn akẹ́kọ̀ọ́. "Ibo lèyí tó dàgbà nínú yín wà?"

"Wọ́n ń kọ́ ọ ní ìfarajìn, mà," Ẹlẹ́rìn-ín wí.

"Kí nìyẹn?"

"Kó lè máa gbàgbé nǹkan, mà."

Nọ́ọ̀sì àgbà nawọ́ sí inú wọ́ọ̀dù. "Lọ yí bẹ́ẹ̀dì kẹrin padà," ó wí. "Ẹ̀gbẹ́ kan ló ti dùbúlẹ̀ sí láti àárọ̀, o sì ti kọjá lára rẹ̀ tó ìgbà mẹ́ta."

Nígbà tó yá, Òṣùwọ̀n kó àwòrán rẹ̀, ó bá ọ̀gá ya fọ́tò, ó lọ. Ó kọ ohun tó rí sí ìwé tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kà fún ara wọn. Ọ̀gá gbé ẹ̀dà kan sórí tábìlì rẹ̀ kí àlejò lè máa rí i. Ilé ẹ̀kọ́ náà ga níbẹ̀, ó ń tàn. Ní ti Màmá Kíláàsì, gbólóhùn kan ló sọ nípa rẹ̀, nísàlẹ̀, ní lẹ́tà wínníwínní: ó ní ẹnì kan wà tí èsì rẹ̀ yàtọ̀ jù, òun sì ti yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò.

Ó yọ ọ́ kúrò. Ohun tó lè ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kìíní nìyẹn, pẹ̀lú rọ́bà ìpàwérẹ́, kí kálukú sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìgbà náà ni wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó máa ṣe ìdánwò mọ́ ara ilẹ̀kùn. Orúkọ Màmá Kíláàsì kò sí níbẹ̀. Ó lọ bá ọ̀gá.

"Wákàtí wọ́ọ̀dù rẹ kò pé," ọ̀gá wí. "Òfin ni. Èmi kọ́ ni mo ṣe é."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n má lọ wọ́ọ̀dù, mà."

"Èmi? Mo ní kí o lọ kọ́ ìfarajìn. Ìgbà wo ni mo ní kí o má lọ wọ́ọ̀dù?"

Ẹ ò rí nǹkan. Ẹnu tó ń sọ irú èyí kì í rùn, kì í sì í wọ́. Ọ̀gá tún fi àánú kún un: ó ní bí nọ́ọ̀sì àgbà bá lè fọwọ́ sí i pé ó ṣe wákàtí tó kù, òun á gbà á, òun kò ní bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nọ́ọ̀sì àgbà ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì nígbà tí Màmá Kíláàsì wọlé bá a. Kò dáwọ́ dúró.

"Ẹ bá mi fọwọ́ sí i, mà," Màmá Kíláàsì wí. Kò tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, kò sì kúnlẹ̀. "Ọmọ mi wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Àkókò tí mo fẹ́ lọ mú un nìyí."

"Ṣé o wà níbí láwọn ọ̀sán yẹn?"

"Ẹ mọ̀ pé mi ò sí níbí."

"Mo mọ̀."

"Ẹ sì mọ ibi tí wọ́n fi mí sí."

"Mo mọ ìyẹn náà."

"Àmì lásán ni, mà."

Ó gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde: ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì àgbà tẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó ká lé orí èyí tó wà nílẹ̀. Ó tún gbé e, ó tú u, ó sì tún un ká.

"Bẹ̀rẹ̀ láti òní," ó wí. "Wá láàárọ̀, wá lọ́sàn-án, màá kọ gbogbo èyí tí o bá ṣe."

"Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ kan."

"Mo mọ̀."

Inú bí Màmá Kíláàsì sí i ju bó ṣe bí i sí ọ̀gá lọ, ju bó ṣe bí i sí Òṣùwọ̀n pàápàá. Ó jáde, kò kí i pé ó dàbọ̀. Òótọ́ kì í mọ ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀. Bó bá dé ọ̀dọ̀ ẹni náà, kì í dín ọwọ́ kù.

Àwọn yòókù ṣe ìdánwò, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì yege. Wọ́n ní kí Màmá Kíláàsì padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Nígbà tó padà wá, wọ́n ní ó ti lé ogójì ọdún, òfin mìíràn sì wà fún ìyẹn.

Ní báyìí, ilé bàbá arúgbó kan ló ń gbé tó ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń yí i padà lórí bẹ́ẹ̀dì, òun ló ń dìde bí èémí bàbá náà bá yí ohùn padà. Àwọn ọmọ bàbá ti oògùn mọ́ inú dúrọ́ọ̀, wọ́n sì ń mú kọ́kọ́rọ́ lọ síbi iṣẹ́, nítorí pé obìnrin náà kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Bí nọ́ọ̀sì bá wá wo bàbá, ọmọ kékeré kan tí Màmá Kíláàsì tó bí lọ́mọ, Màmá Kíláàsì ló ń gbé àga fún un.

Bó bá rí àyè, ó máa ń lọ wo ọmọ rẹ̀ nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọmọ náà ti ga. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń pè ní Màámi. Òun tó bí i, Àǹtí ló ń pè é, ó sì máa ń kí i dáadáa.